Bí a ṣe ń yí ìyá padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí egbò má baà jẹ wọ́n lára

Bí rọpárọsẹ̀ bá mú ìyá lápá kan, tí ọsibítù sì ní kí wọ́n máa lọ sílé, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni gbogbo ilé máa ń gbájú mọ́. Ìdùbúlẹ̀ sójú kan náà léwu. Ẹran ara tó há sáàárín egungun àti fóòmù kì í rí ẹ̀jẹ̀ gbà. Á ti máa kú láti inú kí awọ òde tó fi ohunkóhun hàn. Ìdí nìyí tí egbò fi ń jẹ ẹni tí wọ́n ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ pàápàá.

Ibi tí egungun ti sún mọ́ awọ ni kí ẹ máa ṣọ́: ìpàkọ́, èjìká, ìgbọ̀nwọ́, òpin ọ̀pá ẹ̀yìn lókè ìdí, ìgbáròkó méjèèjì, kókósẹ̀, gìgísẹ̀. Gìgísẹ̀ la máa ń gbàgbé jù.

Yíyí wọn

Wákàtí méjì-méjì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, tọ̀sán tòru. Bí ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún bá kọjá tí awọ wọn kò yí padà rárá, ẹ lè fà á sí wákàtí 3 lóru, kó má ṣáà ju 4 lọ. Ẹni tó ń tọ́jú wọn náà gbọ́dọ̀ rí oorun sùn.

Ẹ ṣẹ́ ìró kan po sí méjì, kí ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ wọn láti èjìká dé itan. Kó máa wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kó má sì ká jọ. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ sọ fún wọn: “Màmá, a fẹ́ yí yín sápá òsì o.” Bí wọn ò tilẹ̀ lè dáhùn, wọ́n lè máa gbọ́.

Èèyàn méjì ló dára jù, ọ̀kan lápá ibí, ọ̀kan lápá ọ̀hún. Kí oníkálukú ká etí ìró náà títí dé ara wọn, kó dì í mú níbi èjìká àti ìgbáròkó. Ẹ kà á dé ẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ gbé wọn sún sí etí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n máa kọjú sí, kó lè jẹ́ pé àárín ni wọ́n máa bọ́ sí. Ẹ gbé wọn ni o, ẹ má wọ́ wọn. Wíwọ́ máa ń fa awọ ya kúrò lára ẹran abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin tí wọ́n máa kọjú sí, ẹ ká orúnkún ẹsẹ̀ tó máa wà lókè, ẹ fi ọwọ́ kan sẹ́yìn èjìká, ọ̀kan sẹ́yìn ìgbáròkó, kí ẹ sì yí wọn wá sọ́dọ̀ ara yín. Ẹ má ṣe fa ọwọ́ tó ti rọ láé. Iṣan èjìká yẹn kò di egungun mú mọ́; ó máa ń yẹ̀, ìrora rẹ̀ sì lè pẹ́ ju àìsàn gan-an lọ.

Ẹ wá ki ìrọ̀rí sẹ́yìn wọn, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n fẹ̀yìn tì í díẹ̀, kí egungun ìgbáròkó má baà gbé gbogbo ara wọn. Ki ìrọ̀rí mìíràn sáàárín orúnkún méjèèjì dé kókósẹ̀. Ẹ ti àtẹ́lẹwọ́ yín bọ abẹ́ ìdí wọn: bí egungun bá fún ìka yín mọ́ fóòmù, wọn ò tíì yí tó. Tí ó bá jẹ́ ìdùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn ló kàn, ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ ojúgun, ní gígùn rẹ̀, títí tí bébà yóò fi lè kọjá lábẹ́ gìgísẹ̀.

Awọ

Àárọ̀ àti alẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wò ó. Lára adúláwọ̀, pípọ́n kì í hàn dáadáa. Ẹ wá ojú ibi tó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tó ń dán, tó gbóná tàbí tó tutù, tó le tàbí tó rọ̀ pẹ̀tẹ̀. Bí ẹ bá rí i, kí wọ́n má fi ibẹ̀ lélẹ̀ mọ́ títí yóò fi lọ pátápátá. Ẹ má fọwọ́ ra ojú ibẹ̀. Ẹ má fi aṣọ ká òṣùká sábẹ́ ìdí wọn, ẹ má sì ra rọ́bà oníhò. Etí òṣùká náà ló ń dí ẹ̀jẹ̀ yíká ibi tí ẹ fẹ́ gbà là. Sípíríìtì máa ń mú awọ gbẹ kó sán, páúdà á sì pò mọ́ òógùn di ìyẹ̀pẹ̀. Omi àti ọṣẹ tí kò ta ara, aṣọ tí ẹ fi tẹ ara wọn gbẹ láìrá, òrí tàbí básílínì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: ó tó.

Bí awọ bá ti ṣí, ẹ pe nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Kó tó dé, ẹ se omi píọ̀ wọ́tà kan, tó jẹ́ 50cl, kó hó, kó tutù, ẹ po ṣíbí tíì kan pẹrẹsẹ iyọ̀ sí i, kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀sì tó mọ́ bò ó. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú kápúsù sínú egbò. Ó máa ń dì mọ́lẹ̀ bo ìdọ̀tí mọ́ inú. Bó bá ń rùn, tí ara wọn gbóná, tàbí tí egungun hàn, ọsibítù ló kàn.

Oúnjẹ

Ẹni tí kò tají dáadáa kò gbọ́dọ̀ jẹun. Ẹ gbé wọn jókòó ṣánṣán, kí àgbọ̀n wọn rẹlẹ̀ díẹ̀. Ẹ má gbé orí wọn sẹ́yìn láti da àgbo sí wọn lọ́fun, ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ. Ṣíbí tíì ni kí ẹ lò, ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó lágbára. Ẹ wo ọ̀fun kó gbé e mì kí ẹ tó fi òmíràn sí i, kí ẹ sì wo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó rọ, nítorí oúnjẹ máa ń fara pamọ́ síbẹ̀. Omi lásán ló ń ṣòro jù fún wọn, ògì tó ki máa ń rọrùn. Ikọ́, tàbí ohùn tó ń hó bí ẹni tí omi wà lọ́fun rẹ̀, túmọ̀ sí pé kí ẹ dúró, kí nọ́ọ̀sì yẹ bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan mì wò. Bí wọ́n bá jẹun tán, kí wọ́n ṣì jókòó fún ìṣẹ́jú 30.

Ẹ má lọ oògùn tí ẹ bá rí “Retard”, “SR” tàbí “XL” lára páálí rẹ̀. Wọ́n ṣe é kó máa tú díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá lọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ á wọ ara lẹ́ẹ̀kan, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn lè já wálẹ̀. Ẹ bi apòògùn bóyá olómi rẹ̀ wà.

Ẹ so ìwé kékeré àti bírò mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá yí wọn ló máa kọ ọ́: “6 àárọ̀, òsì. 8, ẹ̀yìn. 10, ọ̀tún, gìgísẹ̀ òsì dúdú díẹ̀.” Ẹni tó máa gba iṣẹ́ lálẹ́ yóò kà á kó tó fọwọ́ kàn wọ́n.