Bí mo ṣe yí práktíkà kan ṣoṣo padà, tó gbà mí lọ́dún kan ààbọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ò ju ká ṣèwádìí ká sì kọ́ ọmọ lọ, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí.

Mò ń máàkì ìwé láàbù àwọn ọmọ ọdún kìíní, ti péńdúlọ́ọ̀mù, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n, irin róbótó tá a so mọ́ okùn tó ń fì lọ fì bọ̀, wọ́n á wọn gígùn okùn, wọ́n á fi wọ́ọ̀ṣì ka àsìkò tó fi ń fì, wọ́n á wá fi ṣírò g, bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan wálẹ̀ tó. Gbogbo wọn gba 9.8, iye tó wà nínú ìwé gan-an. Gbogbo wọn o! Ṣé ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ pẹ́ lórí wọ́ọ̀ṣì ni? Mo pe mẹ́ta nínú wọn, mo ní kí wọ́n sòótọ́, mi ò ní bínú, ni ọ̀kan bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tá a bá kọ nǹkan míì, wọ́n á gé máàkì wa ni." Ojú tì mí, torí èmi gan-an ni mo fọwọ́ sí bí wọ́n ṣe ń pín máàkì yẹn. Bẹ́ẹ̀ témi bá fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí jọ́nà, àwọn tó ń tẹ ìwádìí jáde, láìsọ ibi tí mo lè ti ṣì í dé, kíá ni wọ́n á dá a padà fún mi.

Mi ò tíì kọ mẹ́mò kankan. Láàbù ni mo kọ́kọ́ wọ̀, èmi àti tẹkinísíànù wa (àwọn yẹn mọ láàbù ju ọ̀jọ̀gbọ́n lọ, kẹ́nikẹ́ni má tàn yín), a so okùn mítà 1, a ṣe é bí ọmọ ṣe máa ṣe é. Àlọ àtàbọ̀ kan ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 2, tọ́wọ́ bá fi 0.1 péré yá tàbí pẹ́, g ti di nǹkan bíi 10.9 tàbí 8.9 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ka àlọ àtàbọ̀ 20, kó o wá fi 20 pín àsìkò ẹ̀, àṣìṣe kan náà ò ní mú un yà ju 0.05 lọ. Téèyàn bá sì jẹ́ kó fì jìnnà tó 30 digirí, bó ti wù kó ṣọ́ra tó, 9.5 ló máa rí.

Bí mo ṣe wá kọ ìyípadà tí mo fẹ́ nìyí: kí ọmọ fúnra ẹ̀ yan gígùn okùn àti iye ìgbà tó máa kà, kó sọ ibi tó lè ti ṣì í, kí ẹnikẹ́ni má sì gba máàkì torí pé ó sún mọ́ 9.8.

Ní dẹpátímẹ́ǹtì a jiyàn, wọ́n gbà. Kọmití kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù, oṣù mẹ́ta, ẹ jẹ́ ká fò ó. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ fákọ́tì, mo ti rí i pé àlàyé ò ran ẹnikẹ́ni, mo bá kó okùn àti irin sínú báàgì lọ sí mítìn-ìn, mo ní kí wọ́n fọwọ́ ara wọn wọ̀n ọ́n, àlọ àtàbọ̀ kan péré. Ọ̀gá kẹ́mísírì gba 8.4, ẹlòmíì gba 11 àti díẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ ká gbọ́ra mọ́. Kò sẹ́ni tó takò ó mọ́.

Sẹ́nétì yunifásítì wa ńkọ́? Mo jókòó wákàtí mẹ́rin fún ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méje. Ṣùgbọ́n ẹnì kan láti ẹ̀ka lítíréṣọ̀ ló bi mí ní ìbéèrè tó dáa jù: báwo la ṣe máa mọ ẹni tó ṣì í àti ẹni tó kàn ya ọ̀lẹ? Mi ò ní èsì gidi. Ibẹ̀ la ti fi òfin kan kún un, bírò ni wọ́n á fi kọ ọ́ nínú láàbù, ohun tí wọ́n bá fagi lé gbọ́dọ̀ ṣì hàn.

Pépà témi ń kọ lọ́wọ́ ṣáà wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, mi ò purọ́.

Sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ti ṣe é báyìí. Ọmọbìnrin kan gba 9.6, ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé orí irin lòun wọn okùn dé, òun ò wọ̀n ọ́n dé àárín ẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 2 lòun fò. Òun ló gba máàkì tó ga jù. Àwọn kan ṣì ń kọ 9.8 o, a kàn ń ní kí wọ́n gbé ìwé tí wọ́n fi bírò kọ wá ni.