Ibi tí ẹrù máa jókòó sí lórí Boxer: bí mo ṣe yan àpótí àti báàgì

Irinṣẹ́ sólà ni mò ń fi máṣíìnì mi, ọ̀kadà Boxer 150, gbé: dírílì, sípánà, mítà, kọ̀ǹpútà alágbèéká, wáyà tí a ká, aṣọ òjò. Kí n tó náwó lórí àpótí kankan, mo kọ́kọ́ gbé gbogbo rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Sípánà àti àwọn ẹbí rẹ̀ jẹ́ kílò 6, dírílì 4, wáyà 5, kọ̀ǹpútà àti mítà 3, aṣọ òjò àti pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ 2. Kílò 20 ni gbogbo rẹ̀. Ìwé tó bá máṣíìnì wá máa ń sọ iye tó lè gbé, ara ẹni tó ń gùn ún sì wà nínú iye náà. Ẹni tó bá tún ń gbé èèyàn sẹ́yìn, kó yọ ìwúwo onítọ̀hún kúrò kó tó ronú irinṣẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ béèrè ni bóyá àpótí líta 30 ni kí àwọn rà tàbí líta 45. Ní tèmi, ibi tí ìwúwo wà ló ṣe kókó. Àpótí orí kẹ́ríà máa ń yọ sẹ́yìn kọjá àárín táyà ẹ̀yìn. Tí irin bá kún inú rẹ̀, ẹ̀yìn á wọlẹ̀, iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ máṣíìnì á máa gbọ̀n tí eré bá ti le, búrẹ́kì iwájú ò sì ní mú bó ṣe yẹ. Ẹ wo inú ìdérí tàbí abẹ́ àpótí: wọ́n sábà máa ń kọ iye kílò tó lè gbà síbẹ̀, iye náà sì máa ń kéré gan-an sí bí àpótí ṣe tóbi tó. Nítorí náà, ohun fífúyẹ́ nìkan ni mo fi sínú tèmi: kọ̀ǹpútà, mítà, aṣọ òjò, pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Kílò 5 péré. Mo tẹ́ fóòmù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí kò sí ibi tó ń jó bí orí kẹ́ríà tí táyà bá wọ kòtò.

Irin wúwo lọ sí báàgì ẹ̀gbẹ́, nísàlẹ̀ ìjókòó, kó sún mọ́ iwájú bó bá ṣe lè ṣeé ṣe. Sípánà àti wáyà kílò 2 wà lápá òsì. Dírílì àti wáyà kílò 3 wà lápá ọ̀tún. Kílò 8 sí 7, ìyẹn ò burú. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá fi púpọ̀ wúwo ju èkejì, máṣíìnì á máa fà síbẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà.

Apá ọ̀tún ló nílò ìṣọ́ra jù, nítorí sáléńsà, páìpù gbígbóná tí èéfín ń gbà jáde, wà níbẹ̀. Báàgì tapólíìnì tó bá fara kan án á yọ́ kẹ́ ẹ tó mọ̀. Mo ní kí wẹ́dà tẹ irin róòdù sí igun, kó lè ti báàgì síta kúrò lára táyà, mo sì fi páànù kan sáàárín báàgì àti sáléńsà, pẹ̀lú àlàfo kí atẹ́gùn lè gbabẹ̀ kọjá. Wẹ́dà á fẹ́ jó irin náà mọ́ fírémù torí ó yá. Ẹ sọ fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bọ́ọ̀tù ni mo fẹ́.” Iná wẹ́dà máa ń sọ irin tó wà létí ojú ìjó di aláìlágbára, tí ọ̀nà gbágungbàgun bá ti ń gbọ̀n ọ́n, ibẹ̀ gan-an ló máa ń sán. Ojú bọ́ọ̀tù ṣọ́kì lókè àti ti ibi ìgbẹ́sẹ̀lé èrò ni mo so tèmi mọ́, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú.

Kí ẹ tó di gbogbo rẹ̀ pa, ẹ jẹ́ kí èèyàn méjì jókòó lórí máṣíìnì pẹ̀lú ẹrù, kí wọ́n máa jó o sókè sódò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá báàgì ń kan táyà, ṣéènì tàbí sáléńsà. Ẹ rí i pé kíkì ṣì ń yí dáadáa, àti pé báàgì ò bo tráfíkétọ̀, iná tá a fi ń sọ pé a fẹ́ yà.

Rọ́bà tíúbù tí gbogbo wa ń lò dára fún àpò gààrí, kò dára fún irin. Ó máa ń na, ẹrù á fò sókè nínú kòtò, á bọ̀ sílẹ̀ níbòmíràn. Èyí tó ní ìkọ́ irin tún burú jù: tó bá já lọ́wọ́ yín, ojú ló ń wá. Bẹ́líìtì pẹlẹbẹ tó ní bọ́kù ni mo lò. Ẹ lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó fà á le, kò ní máa pariwo nínú atẹ́gùn. Kẹ́ ẹ so ìdí rẹ̀ tó kù mọ́ra, nítorí bẹ́líìtì tó ń fì lè wọ ṣéènì, kó sì dá táyà ẹ̀yìn dúró lójijì.

Báàgì orí táǹkì? Òòfà rẹ̀ máa ń mú táǹkì irin, ṣùgbọ́n eruku abẹ́ rẹ̀ á máa ha ọ̀dà. Mo fi sílẹ̀. Báàgì ẹ̀yìn ara, mi ò gbé irin sínú rẹ̀ láé: tí èèyàn bá ṣubú, ọ̀pá ẹ̀yìn ló máa gba sípánà náà.

Òjò máa ń gba ojú rírán wọ báàgì. Ohunkóhun tó bá ní iná nínú, mo fi sínú báàgì tí wọ́n ń ká ẹnu rẹ̀, mo sì ká a tó ìgbà mẹ́ta kí n tó di í.

Lẹ́yìn tí mo gbé ẹrù sí i, iye atẹ́gùn tí ìwé kọ fún èèyàn méjì ni mo fún táyà ẹ̀yìn, mo yí òrùka ṣọ́kì le sí i lápá méjèèjì lọ́gbọọgba, mo sì wo ṣéènì lẹ́ẹ̀kan sí i. Iná iwájú náà máa ń gbójú sókè tí ẹ̀yìn bá wọlẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kó má bàa fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀.

Ọ̀dà abẹ́ wọ́ṣà máa ń fọ́ tí máṣíìnì bá ti ń gbọ̀n, bọ́ọ̀tù á sì tú díẹ̀. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ dì lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 50. Mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà tín-ín-rín láti orí nọ́ọ̀tì kọjá sára irin. Tí ìlà náà bá ti yẹ̀, nọ́ọ̀tì ti yí, ẹ gbé sípánà.