Bí a ṣe ń dá bàálù mọ̀ nínú fọ́tò àtijọ́

Fọ́tò bàálù pọ̀ nínú àpótí àwọn àgbà l'Ògbómọ̀ṣọ́ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ìlú oníṣòwò ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó tajà ní Jọ́s, ní Kánò, títí dé Gánà, máa ń ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù, wọ́n sì kó o wálé, pàápàá lẹ́yìn tí ìjọba Gánà lé àwọn àjòjì ní 1969. Nítorí náà, pé Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ ti rí fọ́tò kan kò ní kó jẹ́ pé Ìlọrin tàbí Ìbàdàn ni wọ́n ti yà á. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, irú bíi "Bàálù tí Bàbá wọ̀ lọ Mẹ́kà", ẹ dà á kọ, ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbà á gbọ́. Ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ló sábà ń kọ ọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ti di ìtàn.

Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú fọ́tò náà. Etí rẹ̀ nìkan lẹ dì mú, kọ́wọ́ yín sì gbẹ. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ lẹ fi gbá eruku ọyẹ́ kúrò. Ẹ má fi aṣọ nù ún, torí iyanrìn tó wà nínú eruku yẹn á ha ojú rẹ̀. Bí fọ́tò bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, ẹ má fà á o, ara gíláàsì ni ojú fọ́tò máa kù sí. Ẹ fi síkánà yà á pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀.

Fún fọ́tò tó tóbi tó pósítikáàdì, 600 dpi (iye tóótó tí síkánà ń kà nínú ínǹṣì kan) tó. Àwọn kékeré bíi 6 × 9 sẹ̀ǹtímítà, tí wọ́n tẹ̀ ní ìwọ̀n fíìmù gan-an láì mú un tóbi, ń fẹ́ 1200. Fíìmù fúnra rẹ̀ ń fẹ́ 2400. Bó tilẹ̀ jẹ́ dúdú-òun-funfun, àwọ̀ ni kẹ́ ẹ yà á sí, kí ẹ lè yọ àbààwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú kúrò lára rẹ̀ nígbà tó bá yá. Irú fáìlì tó ń jẹ́ TIFF lẹ fi pa á mọ́, kẹ́ ẹ sì ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ fóònù nìkan ló wà, ẹ tẹ́ fọ́tò sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ẹ pa fíláàṣì, kí fóònù sì wà ní déédéé lókè rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bíi document ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, ó máa fún un pọ̀, lẹ́tà ara bàálù á sì di àbààwọ́n dúdú kan ṣá. Ibẹ̀ sì ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọn ò tẹ fíìmù sódì. Bí lẹ́tà bá dojú kọ ẹ̀yìn, tàbí tí bọ́tìnì kóòtù àwọn ọkùnrin bá wà lódìkejì, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun.

Ó kan ìrísí báyìí. Nǹkan mẹ́rin lẹ máa kà: iye ẹ́ńjìnnì, ibi tí ìyẹ́ ti wọ ara bàálù, iye ìrù tó nàró, àti ibi tí táyà kékeré wà, bóyá lábẹ́ imú ni tàbí nídìí. Ẹ tún wo ojú ẹ́ńjìnnì: èyí tó rí roboto bí agbada gbààrọ̀gbààrọ̀, àtèyí tó tín-ín-rín.

Dakota, tí orúkọ rẹ̀ kejì ń jẹ́ DC-3, ló wọ́pọ̀ jù. Ẹ́ńjìnnì roboto méjì, ìyẹ́ nísàlẹ̀, táyà kékeré nídìí, tó fi jẹ́ pé tó bá wà nílẹ̀, ńṣe ló ń gbójú sókè bí ẹni ń wá oṣù. Iwájú ìyẹ́ rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, ẹ̀yìn ìyẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ gbọọrọ. Láti orí ìyẹ́ kan dé èkejì jẹ́ mítà 29. Fokker Friendship náà jẹ́ mítà 29, ó sì ní ẹ́ńjìnnì méjì, òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ṣùgbọ́n òkè ni ìyẹ́ tiẹ̀ wà, ara rẹ̀ dúró gbọọrọ lórí ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tín-ín-rín, fèrèsé rẹ̀ sì fẹ̀, ó rí bí ẹyin.

Dove àti Heron jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. De Havilland ló ṣe wọ́n, ìyẹ́ wọn wà nísàlẹ̀, táyà sì wà lábẹ́ imú. Ẹ́ńjìnnì méjì ni ti Dove, mẹ́rin ni ti Heron. Bristol Freighter sanra, ìyẹ́ rẹ̀ wà lókè, táyà rẹ̀ kì í wọlé, imú rẹ̀ sì ń là sí méjì bí ìlẹ̀kùn géètì láti kó ẹrù. Bẹ́ ẹ bá rí ìrù mẹ́ta tó nàró, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin àti ìyẹ́ lókè, Marathon ni. Bí ìyẹ́ bá wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Constellation ni, bàálù tó tóbi jù ú lọ fíìfíì. West African Airways, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946, lo Dove, Bristol, Marathon àti Heron. Ilé iṣẹ́ Nàìjíríà tó gbapò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá 1958.

Lẹ́yìn ìrísí ni kẹ́ ẹ ka lẹ́tà ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n kọ sára bàálù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ka lẹ́tà ló máa ń rí ohun tó fẹ́ rí. Bàálù Nàìjíríà ayé òyìnbó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VR-N, lẹ́yìn òmìnira ó di 5N. Gold Coast, ìyẹn Gánà ayé òyìnbó, ń lo VP-A, nígbà tó di Gánà ó di 9G. Sàró ń lo VR-L, ìlú Ọba ń lo G. Lẹ́tà tó ti parẹ́ lára bàálù lè hàn gbàǹgbà lábẹ́ ìyẹ́, ẹ wo ibẹ̀. G àti C, O àti Q, B àti 8 ló máa ń jọra wọn. Ẹ kọ gbogbo ohun tó lè jẹ́ sílẹ̀, ẹ má ṣe mú ọ̀kan.

Bàálù ológun ní ìṣòro tirẹ̀. Fíìmù àtijọ́ kan wà tí kì í rí pupa: pupa àti òféefèé á di dúdú, búlúù á wá funfun. Òrùka ara bàálù ológun ìlú Ọba, tó ní pupa láàárín, funfun, búlúù àti òféefèé ní etí, á wá dà bí ti orílẹ̀-èdè mìíràn. Bẹ́ ẹ bá rí ojú ọ̀run tó funfun balau láìní ìkùukùu, tí ètè àwọn èèyàn sì dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, irú fíìmù yẹn ni. Ti Amẹ́ríkà rọrùn: kóro pupa wà láàárín ìràwọ̀ títí di oṣù Karùn-ún 1942, láti àárín 1943, ìràwọ̀ ní ọ̀pá lápá méjèèjì, ní 1947, ìlà pupa wọ inú ọ̀pá náà. Nọ́ńbà ìrù wọn fi nọ́ńbà àkọ́kọ́ ọdún sílẹ̀: 42-24567 á hàn bíi 224567. Láti 1940 ni wọ́n ti ń gbé bàálù ogun láti Takoradi ní Gold Coast gba Èkó, Kánò àti Maiduguri kọjá lọ sí Íjíbítì, nítorí náà Hurricane, bàálù ogun ìlú Ọba, nínú fọ́tò Kánò kì í ṣe ìyanu. NAF, ìyẹn àmì ológun òfúrufú Nàìjíríà, àti òrùka ewé-funfun-ewé kò lè ṣáájú 1964.

Ẹ fa ìlà méjì sórí ìwé fún ohun kọ̀ọ̀kan: "kò lè ṣáájú" àti "kò lè kọjá". Àsíá ìlú Ọba lórí òpó ní Nàìjíríà? Kò lè kọjá 1960. Sọ̀ún Ajágungbadé Kẹta tó ti gorí oyè? Kò lè ṣáájú 1973, kò sì lè kọjá 2021. Aláàfin Adéyẹmí Kejì tó wà lórí ìtẹ́ kò lè kọjá 1955. Bí ìlà méjì bá ta kora wọn, bíi VR-N pẹ̀lú Ajágungbadé lórí oyè, ẹ ti ṣi ọ̀kan kà. Lẹ́tà ló sábà máa ń jẹ́.

Bí lẹ́tà ìforúkọsílẹ̀ bá ti dáni lójú, ẹ wá nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe bàálù náà fún un. Bàálù lè gba lẹ́tà mẹ́ta mẹ́rin láyé rẹ̀ bó ṣe ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí òmíràn. Ti ilé iṣẹ́ yẹn kì í yí padà. G-INFO, àkójọ ìforúkọsílẹ̀ bàálù ìlú Ọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ojú ìwé àtijọ́ fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú G. Ọjọ́ tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ tí bàálù kọ́kọ́ fò níbí o, àlàfo oṣù méjì mẹ́ta wà láàárín wọn. Ilé Ìtọ́jú Ìwé Àpamọ́ Ìjọba ní Yunifásítì Ìbàdàn ni kẹ́ ẹ lọ fún fáìlì pápákọ̀ àti ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ẹ ti ní oṣù àti ọdún lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, torí wíwá gbogbo ọdún 1950s ò lè tán lọ́jọ́ kan.

Ohun tẹ́ ẹ bá rí, pẹ́ńsù rírọ̀ ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò, ní etí. Ẹ ya èyí tó dájú sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tẹ́ ẹ rò. Bírò máa ń hàn jáde síwájú. Fọ́tò aláwọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ọ̀rá kì í gba pẹ́ńsù: àpòòwé rẹ̀ lẹ kọ ọ́ sí, kẹ́ ẹ tó kì í bọ̀ ọ́.