Ẹ̀yin Ìyá Ọkọ, Bí Ẹ Ṣe Lè Jẹ́ Kí Ọmọ Mu Ọmú Nìkan Fún Oṣù Mẹ́fà

Iṣu ni mò ń tà ní Ìkéré-Èkìtì, mo sì ti wẹ ọmọ fún àwọn ìyàwó ọmọ mi. Abiyamọ tí kò bá lè fún ọmọ lọ́mú nìkan títí oṣù mẹ́fà, kì í sábà jẹ́ pé kò fẹ́. Àwa tó yí i ká la máa ń da ọ̀rọ̀ rú.

Kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó bímọ. Kí ọkọ fúnra rẹ̀ sọ fún ẹbí pé ọmọ yìí ò ní mu omi, kò sì ní mu àgbo. Tó bá jẹ́ ìyàwó ló sọ ọ́, wọn á ní ojú rẹ̀ ti là jù.

Kí ọmọ fẹnu kan ọmú láàárín wákàtí kan tí wọ́n bí i. Omi ọmú àkọ́kọ́ máa ń ki, ó máa ń pọ́n, àwọn àgbà wa sì máa ń ní ó ti bàjẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún un dànù o, òun ló ń bá àrùn jà lára ọmọ. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀, ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́ ṣáájú, kí ẹ lè bá a gbé ọmọ sí àyà.

Ọ̀rọ̀ omi ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Bí oòrùn bá mú, a ó ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ. Bẹ́ẹ̀, tí a bá pín ọmú sọ́nà 100, bíi 87 níbẹ̀ ló jẹ́ omi. Ọmọ tí a fi omi rọ yó kò ní fa ọmú dáadáa, ọmú tí ọmọ ò sì fà kì í pọ̀. Ibẹ̀ la ti máa ń sọ pé ọmú ìyá ò tó! Oògùn tí dókítà bá kọ, ìyẹn yàtọ̀.

Tó bá ń ké, ẹ wo ilédìí ná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ tó ń tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, tó sì ń wúwo sí i lórí òṣùwọ̀n níbi abẹ́rẹ́ àjẹsára, ń yó. Bí ọmú bá ń dun ìyá, ó lè jẹ́ orí ọmú nìkan ló há sẹ́nu ọmọ. Ẹ ní kó fi ìka tó mọ́ bọ igun ẹnu rẹ̀, kí ọmọ tú u sílẹ̀. Tó bá tún la ẹnu gbàgà, kó gbé e mọ́ra, kí dúdú ọmú náà wọlé.

Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún obìnrin ní ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 12, tó bá sì padà, ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ilé-ìwé aládàáni tí ìyàwó ọmọ mi ti ń ṣe tísà ní Adó ò fẹ́ gbọ́ ọ. Torí náà, kí ìyàwó ọmọ mi tó lọ síbi iṣẹ́, ó ń fi ọṣẹ fọwọ́, ó ń fún ọmú sínú kọ́ọ̀bù tó mọ́, tó ní ìdérí. Nínú ooru wa yìí, mi ò ń jẹ́ kó kọjá wákàtí mẹ́rin níta. Fíríìjì lè gbà á fún ọjọ́ mẹ́rin, tí NEPA bá gbà. Kọ́ọ̀bù ni mo fi ń fún ọmọ mu, torí fídà ṣòro láti fọ̀ mọ́.

Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ gúnyán, kí ẹ se ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà fún ìyá, kí ẹ gbé ọmọ kó lè sùn. Ẹni tó bá sì gbé ike àgbo wá, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ gbé e pamọ́ sí kọ̀rọ̀.