Oògùn Kòkòrò Nínú Ilé Ayálégbé: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Máa Kọ Sílẹ̀

Ìdun kì í dúró sí yàrá kan. Nínú ilé tí yàrá mẹ́jọ kọjú síra, bí ẹ bá fín yàrá kẹta nìkan, ihò wáyà ni yóò gbà bọ́ sí ìkẹrin. Tó bá yá, ayálégbé tuntun á ní òun bá ìdun nílé ni, lánlọ́ọ̀dù á ní bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló fi kó o wá, kò sì ní sí ẹni tó rántí ọjọ́ tí wọ́n fín oògùn gbẹ̀yìn.

Ẹ ra ìwé kan fún ilé, kó wà lọ́wọ́ kíátékà. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fín oògùn, ẹ kọ ọjọ́, yàrá, kòkòrò tí ẹ rí, ẹni tó fín in, iye oògùn àti iye omi tó fi pò ó, aago tí ẹ ti ilẹ̀kùn àti aago tí ẹ ṣí i.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ń fò ni ohun tó wà nínú oògùn náà gan-an. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà kò tó. Ẹ yí ike náà, ẹ wo lẹ́tà wẹ́wẹ́: cypermethrin, permethrin, deltamethrin. Ọmọ ìyá ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó fi ọ̀kan fín, tí ìdun ò kú, tó wá lọ ra èkejì, kò tíì pààrọ̀ oògùn, ike ló pààrọ̀. Ìdun tí ọ̀kan ò ràn mọ́, àwọn yòókù náà sábà máa ń ṣòro fún láti ràn án. Ẹ kọ nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ pẹ̀lú. Ọtapiapia inú ìgò tí kò ní nọ́ńbà kankan, ẹ má gbé e wọlé rárá.

Oògùn tó pa ìyá lè má pa ẹyin, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ẹyin ìdun á sì ti di ọmọ. Bí ẹ bá fín lọ́jọ́ 1, ẹ kọ 15, ọjọ́ tí ẹ máa tún fín in, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí gbogbo yàrá mọ̀.

Ní ti ikán, ẹ ya fọ́tò ọ̀nà amọ̀ tó gba ara ògiri lọ sókè, kí ẹ lè mọ̀ bí wọ́n bá tún mọ tuntun. Májèlé eku ńkọ́? Ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹ gbé e sí, torí èyí tí ẹ bá gbàgbé sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ọmọdé ló máa rí i.

Kí ayálégbé tó gba kọ́kọ́rọ́, ẹ fi ojú ewé tó kẹ́yìn hàn án, kó sì fọwọ́ sí i.