Ibi Tí Àgbẹ̀ Àti Ará Ilé Ti Lè Rí Lọ́yà Láìta Oko

Alájàpá kó gbágùúdá lọ láwìn, kò yọjú mọ́. Onílẹ̀ ṣàdédé fi owó kún ìṣákọ́lẹ̀. Màálù wọ oko àgbàdo. Ọlọ́pàá kó ọmọ ẹni lọ lóru. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn ló ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ẹni tó bá sì lọ kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀ ló máa ń náwó jù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí gbèsè. Tí wọ́n bá ti jẹ èèyàn lówó báyìí, àgọ́ ọlọ́pàá ló máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. Ibẹ̀ kọ́. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n tìtorí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́ mú ẹnikẹ́ni. Owó tí ẹ bá fún wọn kí wọ́n lè bá yín gba gbèsè, gbèsè mìíràn lẹ fi kún un. Ní Èkó, láti ọdún 2018 ni kóòtù tí wọ́n ń pè ní Small Claims Court ti wà fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Gbèsè tí kò bá ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ ló ń gbọ́, èèyàn sì lè rojọ́ fúnra rẹ̀ láìgba lọ́yà. Ètò rẹ̀ ni pé kí ìdájọ́ wáyé láàárín 60 ọjọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí onígbèsè pé kó san owó yín kí ẹ tó lọ. Tó bá jẹ́ ìpínlẹ̀ mìíràn lẹ wà, ẹ bi akọ̀wé kóòtù tó súnmọ́ yín bóyá irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ bá wà láàárín yín àti onílé, onílẹ̀, ọ̀gá iṣẹ́ tàbí ẹbí, ìlàjà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní Citizens' Mediation Centre, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń parí ìjà níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ yòókù, ẹ lọ sí Ministry of Justice, kí ẹ béèrè ẹ̀ka tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ará ìlú. Ọ̀dọ̀ baálẹ̀ náà dára, tí ẹ bá ti lè jẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí ẹ fẹnu kò sí sílẹ̀, kí àwọn ẹlẹ́rìí tẹ̀ka sí i, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì mú ẹ̀dà tirẹ̀ lọ. Baálẹ̀ mìíràn kì í fẹ́ ìwé kíkọ rárá. Ẹ rọra bẹ̀ wọ́n, torí ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń di ìjà padà tí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ bá ti kú.

Tí wọ́n bá mú ènìyàn yín, Legal Aid Council ni kí ẹ wá. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún ẹni tí kò lówó ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ó ti wà láti ọdún 1976, ó sì ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí, ìyẹn 70,000 náírà láti ọdún 2024, ni wọ́n dìídì dá a sílẹ̀ fún. Ní Èkó, Office of the Public Defender náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Kí lọ́yà tó dé, ẹ fi èyí sọ́kàn: béèlì kì í ṣe títà. Tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40 sí ibi tí wọ́n ti mú ènìyàn yín, ọjọ́ kan péré ni òfin fún ọlọ́pàá láti gbé e dé iwájú adájọ́. Ẹni tí wọ́n mú lè dákẹ́ títí yóò fi rí lọ́yà. Kó má sì tẹ̀ka sí ìwé tí wọn kò kà sí i létí ní èdè tó gbọ́. Ní kóòtù, tí kò bá gbọ́ Òyìnbó, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ògbufọ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn charge-and-bail, ìyẹn àwọn lọ́yà tó ń wá oníbàárà kiri, tó ń dúró lẹ́nu géètì kóòtù, tí wọ́n á máa pè yín ní màmá tàbí bàbá kí ẹ tó sọ orúkọ yín.

Obìnrin tí ọkọ lé jáde, tí kò rí owó oúnjẹ ọmọ gbà, tàbí tí wọ́n lé kúrò nídìí ogún, lè lọ bá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò tí wọ́n ń pè ní FIDA. Ní Ìbàdàn, Women's Law Clinic wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló rẹ́ yín jẹ, Public Complaints Commission máa ń gba ẹ̀sùn lọ́fẹ̀ẹ́.

Níbikíbi tí ẹ bá lọ, ohun tó wà nínú báàgì yín ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa gbọ́ yín tó. Tí màálù bá jẹ oko, ẹ ya fọ́tò lọ́jọ́ náà gan-an kí ẹ tó tún ebè kankan ṣe: ya gbogbo oko, ya ẹsẹ̀ màálù nínú ilẹ̀, ya igi tàbí ilé tí aládùúgbò mọ̀ mọ́ ọn. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí, orúkọ àwọn tó rí i àti nọ́ńbà fóònù wọn. Ẹ má pa tẹ́ẹ̀sì tí alájàpá fi ránṣẹ́ rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ èébú ló kún inú rẹ̀. Rìsíìtì ìṣákọ́lẹ̀, ìwé àdéhùn, ìwé kóòtù tí wọ́n mú wá bá yín nílé, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan. Fọ́tòkópì ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ojúlówó gbọ́dọ̀ bá yín padà sílé.

Ọ̀fẹ́ kò ní kí ẹ má san owó ọkọ̀ tàbí owó fọ́tòkópì, kóòtù náà sì lè ní owó ìwé tirẹ̀. Ẹ béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ohun tí ẹ máa san, ohun tó wà fún, àti ẹni tó máa fún yín ní rìsíìtì. Tí wọ́n bá ní àwọn kì í gba irú ẹjọ́ yín, ẹ má kàn dìde. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ọ́fíìsì tó ń gbà á àti àdúgbò tó wà fún yín sórí ìwé.