Orúkọ Ọmọ Àbúrò Mi Ni Wọ́n Kọ Sórí Ilé Mi

₦37,500 ni mo ná kí wọ́n tó gbà pé èmi ni mo ni ilé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí kò yẹ kó ju owó ọ̀kadà àti ti fọ́tò lọ.

Ìsàlẹ̀ ni àdúgbò wa wà ní Ṣàgámù. Bí òjò bá rọ̀, inú yàrá la ti ń gbọ́n omi. Nígbà tí ìjọba ní àwọn yóò kó wa lọ sí ilé mìíràn, inú mi dùn. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá kọ orúkọ àwọn onílé. Wọn ò dá ọjọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n dé, Sábó ni mo wà. Obì ni mò ń tà, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni àwọn oníbàárà mi ará òkè Ọya ń di ẹrù. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún 17 tó wá lo ọlidé, ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló nilé?" Ó ní, "Ilé wa ni." Ni wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn mi, wọ́n bá tiwọn lọ.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù, NIN àti ẹ̀dà ìwé ò le, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí wọ́n ṣì kọ yìí ni ojú mi fi rí màbo. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì wọn, ọmọkùnrin tó wà nídìí rẹ́jísítà ní, "Mà, ìwé yín pé, àmọ́ ẹnìkan ti ni ilé yìí." Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní orúkọ wa ò jọra. Báwo ló ṣe máa jọra? Orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́! Ó ní kí n lọ búra ní kóòtù. Mo lọ, mo sanwó. Mo padà dé, ó ní ọmọ náà gbọ́dọ̀ búra tirẹ̀. Ọmọ ti padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ranṣẹ́ pè é, ó wá, wọ́n ní kò tíì pé ọdún 18, kí ìyá rẹ̀ wá búra fún un. Àbúrò mi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wọkọ̀ wá. Ọjọ́ tí a kó gbogbo ìwé ìbúra lé tábìlì, ọmọkùnrin yẹn wo bílì iná mi: orúkọ bàbá tó ta ilẹ̀ fún mi ló ṣì wà lórí rẹ̀. "Ẹ lọ mú bàbá yìí wá." Bàbá tó ti kú! Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, mi ò sì tijú.

Baálẹ̀ wa bá mi kọ lẹ́tà, kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn kẹ́ wọn. Wọ́n dá a padà, wọ́n ní kò sí òǹtẹ̀.

Ìwé kékeré kan ló gbà mí. Láti 2003 tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ilé náà ni mo ti ń kọ gbogbo ìnáwó mi sínú ìwé ọmọ iléèwé kan: páànù, sìmẹ́ńtì, owó bíríkìlà, àti típà yẹ̀pẹ̀ 11 tí mo fi kún ilẹ̀ yẹn kó tó ṣeé kọ́. Awakọ̀ kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí iye tó gbà. Ọwọ́ obì mi ti sọ etí ewé rẹ̀ di pupa rúsúrúsú. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan, gbà á lọ́wọ́ mi, ó ṣí i léwé-léwé, ó ń fi ìka ka àwọn típà náà. Ó ní, "Màámi, kí ló dé tí ẹ ò ti kọ́kọ́ mú eléyìí wá?" Ó fi rúlà fa ìlà sórí orúkọ ọmọ náà, ó kọ tèmi sókè rẹ̀, ó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó jẹ́ lọ́yà ló ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Nínú Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, abala 29, bí ìjọba bá gba ilẹ̀, ilé tí èèyàn kọ́ àti ohun tó gbìn ni ìjọba ń sanwó rẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Owó tí èèyàn ná láti fi yẹ̀pẹ̀ kún ilẹ̀ kó tó ṣeé kọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bí ìwé bá wà tó fi hàn. Abala 33 ní bó bá jẹ́ ilé gbígbé, gómìnà lè fúnni ní ilé mìíràn dípò owó. Ẹni tó bá gbà á, ọ̀rọ̀ owó parí nìyẹn. Bí ilé tuntun bá sì níye lórí ju owó náà lọ, wọ́n lè bá a ṣàdéhùn pé kó máa san ìyókù bí ẹni san gbèsè. Ká ní mo mọ̀, ìwé mi ni ǹ bá kọ́kọ́ gbé lọ, ǹ bá sì ti béèrè iye ilé tuntun náà kí n tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún gbogbo ará ilé yín, títí kan ọmọ tó wá lo ọlidé, orúkọ tí wọ́n máa dá. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sára ilẹ̀kùn bí ẹ bá ń lọ sọ́jà.

Nígbà tí wọ́n lẹ orúkọ wa mọ́ ògiri, mo mú ọmọ àbúrò mi dání lọ síbẹ̀. Mo ní kó ka tèmi sókè, ó kà á, mo ní kó tún un kà.